Bí Ìgbó Bá Ti Kúrò Níbẹ̀, Kí Ló Kù? Ìrírí Mi Láàárín Àwọn Alárùn Bípólà

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ìbéèrè kan wà tí àwọn ẹbí aláìsàn kì í fẹ́ kí n bi wọ́n, ìdáhùn kan sì wà tí wọ́n máa ń sáré fún mi kí n tó la ẹnu. Ìdáhùn náà ni pé, "Sístà, ìgbó ló mu. Orí rẹ̀ pé dáadáa tẹ́lẹ̀." Ìbéèrè náà ni bóyá ẹnì kan wà nínú ìdílé, ní ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ní ọ̀dọ̀ ìyá, tí irú rẹ̀ ti ṣe rí. Bí mo bá ti bèèrè èyí, ìyá aláìsàn á wo ojú ọkọ rẹ̀, ọkọ á wo ògiri, ẹ̀gbọ́n aláìsàn á sì dáhùn pé rárá o, kò sí irú ẹ̀ nílé àwọn. Ó lè gba oṣù díẹ̀ kí ẹnì kan nínú wọn tó pè mí sí kọ̀rọ̀ láti sọ fún mi nípa àbúrò bàbá kan tí wọ́n fi pamọ́ sí oko, tàbí ìyá àgbà kan tó máa ń kó gbogbo ẹrù ilé síta láàárín òru bí ọdún bá ti yí po.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, kí ìdílé kan tó fa ọmọ fún ọkọ, wọn yóò ṣe ìwádìí, wọn yóò sì bèèrè bóyá wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé tí ọmọ wọn fẹ́ wọ̀. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ pé àrùn ọpọlọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ti dínà fún àwọn ọmọ ilé tí kò tíì ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n ìgbó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo: ọmọ ló yàyàkuyà, ẹgbẹ́ burúkú ló bà á jẹ́, ìtìjú náà kò sì kọjá orí rẹ̀. Èmi kì í bá wọn jà lórí èyí, nítorí pé mo ní àwọn ọmọ nílé, mo sì mọ ohun tí ẹnu ayé lè ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí ìdáhùn náà ń gbé wọn lọ. Bó bá jẹ́ pé ìgbó ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, a jẹ́ pé bí ọmọ bá ti jáwọ́ nínú ìgbó, ó ti sàn nìyẹn, kò sì nílò oògùn mọ́. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí mo tọ́jú gbà padà sí wọ́ọ̀dù.

Kí ẹni tí kò mọ àrùn náà lè bá mi lọ, bípólà jẹ́ àìsàn ọpọlọ tó máa ń gbé ènìyàn lọ sí ìhà méjì. Ní ìgbà ìgbóná, aláìsàn lè sùn fún wákàtí méjì péré kó sì jí bí ẹni tí kò rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ yóò máa yára jáde lẹ́nu rẹ̀, yóò máa ná owó tí kò ní, yóò ní òun fẹ́ dá ilé iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹnikẹ́ni bá sì ta kò ó, ìjà dé. Ní ìgbà ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹni kan náà lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, oúnjẹ kò ní wù ú, ìwẹ̀ kò ní wù ú, ayé fúnra rẹ̀ lè sú u. Láàárín méjèèjì, ó lè wà ní àlàáfíà fún oṣù tàbí ọdún púpọ̀, kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó máa san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Àlàáfíà yìí ló ń tan ẹbí jẹ. Ẹni tó ń rìn káàkiri ìgboro nínú àkísà ni wọ́n mọ̀ sí wèrè. Ẹni tí orí rẹ̀ pé lónìí, tí orí rẹ̀ tún pé ní oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní àfi kó jẹ́ pé nǹkan kan ló ń ṣe é, ìgbó sì ni ohun tí ọwọ́ wọn tètè máa ń tó.

Èmi kò sọ pé ìgbó kò mọwọ́mẹsẹ̀. Láti ọdún 1964 ni Dókítà Tolani Asuni, ọ̀kan nínú àwọn dókítà ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé lórí ìgbó àti wàhálà tó ń dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbó ìgbà yẹn kò lágbára tó èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní loud àti Colorado lónìí. Ìwádìí tí àjọ tó ń rí sí ìṣirò ní Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64, nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, ìyẹn ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbó ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n lò. Ẹni tó bá ti ní bípólà lára tàbí nínú ìdílé, ìgbó lè mú kí àrùn náà tètè yọjú, ó lè mú kí ìgbà ìgbóná pẹ́ kó tó rọlẹ̀, ó sì lè mú kó máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ìgbó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mo kàn ń sọ pé kì í ṣe òun nìkan ló wà nínú ilé.

Ẹni tó là mí lójú jù lórí èyí ni ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan. Nígbà tí wọ́n gbé e wá lẹ́ẹ̀kejì, ìyá rẹ̀ fi ìbínú sọ pé ó ti tún padà sídìí ìgbó, pé òun ti mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní fi í lọ́rùn sílẹ̀. A yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, a kò rí ìgbó níbẹ̀. Ìyá náà ní kí a tún un yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ ẹni tó ń mu ìgbó lójoojúmọ́ lè fi í hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó bá ti jáwọ́, nítorí náà àbájáde yẹn kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó bá wọn wá, ló wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí. Ó ní nígbà àkọ́kọ́, kí ọmọ náà tó di ẹni tó ń mu ìgbó lọ́sàn-án gangan, oorun ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀. Ó ń tú ẹ́ńjìnì mẹ́ta palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lóru, ó ń kọrin, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé òun fẹ́ ra ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù láti máa kó ọkọ̀ wọlé láti Cotonou. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbó tó wá pọ̀ lápọ̀jù. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé, "Sístà, mo ń mu ún kí orí mi lè dákẹ́ díẹ̀ ni."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkejì kò lọ́jú pọ̀. Ó jáwọ́ nínú ìgbó lóòótọ́. Inú ìdílé dùn, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì dá oògùn dúró nítorí pé ohun tí wọ́n ń ra oògùn sí ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ padà. Kí n tó dárúkọ ìgbó tàbí ọtí, màá ní kí ẹni tó ń bá aláìsàn gbé sọ fún mi ìgbà tí oorun rẹ̀ yí padà, kí ó sì sọ ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ kì í rántí ọjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń rántí pé ṣáájú ọdún Iléyá ni, tàbí lẹ́yìn ìsìnkú bàbá àgbà. Ìtàn tí wọ́n bá tò báyìí máa ń yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá.

Ó yẹ kí n fi kún un pé òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ọmọ ilé ìwé gíga kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ní omi gọ́tà, ìyẹn àdàlú kòdíìnì, tramadol, ìgbó àti ọtí líle, tó sì fi ọjọ́ púpọ̀ sọ ìsọkúsọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jáde lára rẹ̀, ara rẹ̀ rọlẹ̀, kò sì tún ṣẹlẹ̀ mọ́ ní gbogbo ìgbà tí a fi ń rí i. Ìdí nìyí tí dókítà kì í fi yára pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn olóró ní alárùn bípólà. Wọ́n máa ń wò ó fún nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tó bá ti jáwọ́. Bí àmì àìsàn náà bá dúró síbẹ̀, tàbí bó bá ti wà kí oògùn olóró tó wọlé rárá, ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹbí máa ń rí ìdúró yìí bí àìmọ̀kan, wọ́n á ní dókítà kò mọ ohun tó ń ṣe. Ní tèmi, dókítà tó bá sọ orúkọ àrùn lọ́jọ́ kìíní ló máa ń bà mí lẹ́rù.

Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, rí i pé nínú àwọn tó ní irú bípólà tó le jù, nǹkan bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ti ní ìṣòro ọtí tàbí oògùn olóró rí láyé wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ iye yìí nílé ẹ̀kọ́, mo rò pé ti àwọn òyìnbó ni. Wọ́ọ̀dù ló yí èrò mi padà. Àwọn kan ń lò ó kí wọ́n lè sùn, àwọn kan kí wọ́n lè dìde lórí ibùsùn. Àwọn mìíràn ń lò ó nígbà tí inú wọn dùn jù, nítorí pé ní ìgbà ìgbóná, kò sí ohun tó dà bí ewu lójú aláìsàn, ìgò kejìlá kò sì yàtọ̀ sí ìgò kìíní. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn kì í rò. Wọ́n gbà pé ìbànújẹ́ nìkan ló ń lé ènìyàn sídìí ọtí.

Ti àwọn obìnrin ló fara sin jù. Ìyá aláṣọ kan wà tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ̀, onísùúrù, ọlọ́wọ̀, tó bá jẹ́ pé mo bi í bóyá ó ń mu ọtí, yóò búra pé òun kì í fi ẹnu kàn án. Kò sì purọ́ ní ọkàn ara rẹ̀. Àgbo jẹ̀dí ló ń mu, láàárọ̀ àti lálẹ́, ògógóró sì ni ìyá alágbo fi ń rẹ egbò náà. Ní ìgbà ìrẹ̀wẹ̀sì, ife kan máa ń di mẹ́rin. Lójú tirẹ̀, oògùn ìdí ni. Nígbà tí a bá fi ọtí kún ìrẹ̀wẹ̀sì, èrò pé kí ènìyàn kúkú kú máa ń súnmọ́ tòsí, ìgboyà búburú sì máa ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí alárùn bípólà bá ń mutí nínú ìrẹ̀wẹ̀sì, tó sì ń sọ pé òun ti di ẹrù fún àwọn ènìyàn òun, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe "ṣé ẹ ń mu ọtí?" ni kí n máa bèèrè. "Kí lẹ fi ń rẹ àgbo yín?" ni.

Lítíọ̀mù ni oògùn tí ìyá aláṣọ yìí ń lò fún bípólà rẹ̀. John Cade, dókítà ará Ọsirélíà, ló kọ̀wé ní 1949 pé ó ń mú ìgbà ìgbóná rọlẹ̀, ó sì wà lára àwọn oògùn tó dára jù fún bípólà títí di òní, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó ń woni sàn àti ìwọ̀n tó ń ṣeni ní jàǹbá kò jìnnà síra wọn. Nínú ẹ̀jẹ̀, a sábà máa ń fẹ́ kó wà láàárín 0.6 sí 1.0 mmol nínú lítà kan. Bí omi bá gbẹ lára ènìyàn, ìbáà jẹ́ nítorí òógùn, ìgbẹ́ gbuuru, ààwẹ̀ gbígbẹ tàbí ọtí tó ń mú kó máa tọ̀, lítíọ̀mù yóò pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn oògùn ara ríro bíi ibuprofen, tí wọ́n ń tà ní gbogbo kẹ́míìsì, lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ọwọ́ yóò máa gbọ̀n gan-an, èébì yóò máa bọ̀, ahọ́n yóò wúwo, ẹsẹ̀ kò ní dúró. Ẹ wo bí àwọn àmì wọ̀nyí ṣe jọ ti ọ̀mùtí. Lọ́jọ́ tí ìyá aláṣọ yìí ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú ọjà lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ará ìsọ̀ rẹ̀ ní ó ti yó, wọ́n sì fi aṣọ bò ó kó lè sùn ún kúrò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti bá a wá sí kílíníìkì, ló ní rárá, ilé ìwòsàn ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé lítíọ̀mù ti kọjá ààlà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kíndìnrín rẹ̀ tàbí ẹ̀mí rẹ̀ lè lọ sí i.

Àwọn tó ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ ní ewu mìíràn, ìyẹn kí ọtí dáwọ́ dúró lójijì. Mo ti rí àwọn ẹbí tí wọ́n ti ọmọ wọn mọ́ yàrá, tí wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì rò pé àwọn ń ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì mú un, ó ń rí kòkòrò lára ògiri. Wọ́n á ní àrùn ọpọlọ náà ló tún dé, tàbí pé àwọn ayé ló ń bá a jà. Àìrí ọtí ni, ó sì lè pa ènìyàn. Ilé ìwòsàn ni irú ìjáwọ́ bẹ́ẹ̀ ti yẹ kó wáyé, pẹ̀lú oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Awakọ̀ tírélà kan kọ́ mi ní ti obì. Ó ti fi tramadol àti páraga sílẹ̀, gbogbo wa sì ń yìn ín, síbẹ̀ oorun rẹ̀ kò gún. Ó ṣe díẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ó ń jẹ obì láti Ṣágámù títí dé Kánò, tó sì ń mu ohun mímu inú agolo tó ń fúnni lágbára lé e. Kafínì ló wà nínú méjèèjì. Obì jẹ́ ohun àpọ́nlé nílẹ̀ wa, kò sí ẹni tí yóò pè é ní oògùn olóró, èmi náà kò sì pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsùn òru méjì lè gbé dé wọ́ọ̀dù kò lè máa fi obì lé oorun lọ. Ó ní kí ọ̀gá rẹ̀ fún òun ní ọ̀nà tí kò jìn. Owó rẹ̀ dínkù, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ìṣòro tó ń bí mi nínú jù kò ti ọwọ́ àwọn aláìsàn wá. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń lo oògùn olóró yóò ní kí aláìsàn lọ wo ọpọlọ rẹ̀ sàn ná. Ibi tí wọ́n ti ń wo ọpọlọ yóò ní kó lọ jáwọ́ nínú ìgbó kó tó padà wá. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn báyìí títí owó ọkọ̀ fi tán lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ilé àdúrà kan tí wọ́n ti dè é mọ́ igi. Àwọn àìsàn méjèèjì ń bọ́ ara wọn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó yẹ kí a tọ́jú wọn, lọ́wọ́ àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Sìgá pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ náà: èéfín rẹ̀ ń mú kí ara tètè lo olanzapine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn bípólà, tán, nítorí náà, ìwọ̀n tó tó aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, níbi tí kò ti lè mu sìgá, lè má tó o mọ́ bó bá délé tó sì tún tan sìgá. Ẹbí á ní oògùn ilé ìwòsàn kò ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ẹnì kan ti bi í léèrè nípa sìgá kó tó lọ sílé.

Oṣù Kejìlá ni mo máa ń bẹ̀rù jù lọ́dún. Aláìsàn mọ̀ pé oògùn àti ọtí kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú ara, èyí tó jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n oògùn ló máa ń fi sílẹ̀ dípò ọtí: ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n lónìí, ìsìnkú lọ́la, Kérésì, ìṣọ́ òru ọdún tuntun. Nígbà tí Oṣù Kìíní bá fi máa dé, kò sí oògùn lára rẹ̀ mọ́, oorun ti dàrú, wọ́ọ̀dù wa sì ti kún. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n wá ní Oṣù Kọkànlá, kí wọ́n sọ fún dókítà iye òde tí wọ́n fẹ́ lọ, kí wọ́n mu máltì, kí wọ́n kúrò lóde kí aago mẹ́wàá tó lù. Bí ọtí bá sì bọ́ sẹ́nu, kí wọ́n pe ilé ìwòsàn láti mọ ohun tí wọn yóò ṣe nípa oògùn alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n má fi ọwọ́ ara wọn dá ti gbogbo ọ̀sẹ̀ dúró. Awakọ̀ tírélà yẹn pè mí bí ọdún ṣe ń súnmọ́lé, ó ní, "Mọ́mì, àwọn àna mi ń ṣe òkú, wọ́n á sì bu ọtí fún mi. Kí ni kí n wí?" Mo ní kó sọ pé ọgbẹ́ inú ni dókítà bá lára òun. Irọ́ ni, mo mọ̀, èmi tí mo ti ń bínú sí àwọn tó ń fi orúkọ àìsàn mìíràn bo bípólà. Ṣùgbọ́n kò sí àna tí í fipá bu ọtí fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú. Ó lọ síbi òkú náà, ó jẹ àmàlà, ó sì wakọ̀ padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.